Ìṣó Kẹtàdínlógún

Àmì náà kọjú sí ògiri. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi rí nìyẹn, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, kí ó tó bọ́ fìlà òjò kúrò lórí. Ìṣó mẹ́rìnlélógún ló wà lára pátákó ńlá tó wà ní yàrá etí èbúté, àmì idẹ róbótó kan sì so rọ̀ lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógún nínú wọn kọ nọ́ńbà wọn sí wa. Ẹyọ kan, ti ìṣó kẹtàdínlógún, kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọ̀gá mi béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Onípátákó, ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá náà, ní láti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni òun ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa, òun kò sì jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la wà yìí. Ojú ọkùnrin náà ti wú, ó sì jọ pé láti ọjọ́ mẹ́ta kò tíì fojú kan oorun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pátákó yìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní í mọ ohun tó pa Gbàgbé, apẹja tó ni àmì kẹtàdínlógún. Apẹja kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Bó bá ń lọ sójú omi, á yọ ọ́ lórí ìṣó, á fi í sápò. Bó bá dé, á gbé e kọ́ padà. Nítorí náà, ìṣó tó bá ṣófo, ẹnì kan wà lójú òkun nìyẹn. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Onípátákó á wo pátákó. Bí gbogbo ìṣó bá kún, á lu agogo, gbogbo ìlú á sì mọ̀ pé àwọn ọmọ àwọn ti wálé. Bí ẹyọ kan bá ṣófo, kò ní í lu agogo, àwọn tó ń wa ọkọ̀ adóòlà-ẹ̀mí á sì bọ́ sójú omi, ìjì ì báà máa jà, òjò ì báà máa rọ̀. Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó bí Onípátákó tí àṣà yìí ti wà, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́rú ni ìdíje ẹja pípa ọdọọdún wáyé lójú agbami. Ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún ló lọ, ẹnì kan nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì tuntun sì ni ẹ̀bùn ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù. Ojú ọjọ́ ti burú láti àárọ̀, àmọ́ ta ló gbọ́ ti ojú ọjọ́? Ẹni tó bá pa ẹja lè wọlé wá wọ̀n ọ́n, kó tún padà lọ, kí aago márùn-ún ṣáà ti bá a nílé. Ní aago kan, Gbàgbé gbé ẹja kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta wá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbé kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta wá ṣáájú rẹ̀. Gbàgbé yí ọkọ̀ padà, ó ní kílò méjì kò tó ohun tí òun á tìtorí rẹ̀ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ní aago mẹ́ta, ìgbì ti ga ju ilé lọ. Àwọn ọkọ̀ ń sá wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní aago márùn-ún, ìṣó mẹ́rìnlélógún kún, agogo lù, àwọn adóòlà-ẹ̀mí tú bàtà wọn, wọ́n lọ jẹun.

Gbàgbé ṣì wà lójú òkun. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí ọkọ̀ rẹ̀, ó ti dojú dé. Agolo tí wọ́n máa ń kó iná pupa sí, èyí tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run láti fi pe ìrànlọ́wọ́, wà níbi tó so ó mọ́. Mẹ́fà ló kó lọ. Kò ku ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló pè wá, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè, nítorí pátákó ti sọ fún wa pé ó ti wálé. Ara rẹ̀ ni wọn kò tíì rí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni sájẹ́ǹtì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá mi. Alákàn ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé orúnkún rẹ̀ kan kò dára, ẹ̀gbẹ́ ló sì fi ń rìn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Obìnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi. Èmi ní tèmi, omi inú kòtò pàápàá ń bà mí lẹ́rù, orí ló mọ ohun tó gbé mi dé àgọ́ etíkun.

"Kí agogo tó lù, ṣé o ka nọ́ńbà àwọn àmì yìí?" Alákàn bi Onípátákó.

"Ìṣó ni mo kà, Ọ̀gá. Mo rí i pé ó kún. N kò ka nọ́ńbà." Ó fọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ń sọ nígboro pé ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ wọn lójú ló fata sẹ́nu. Wọn ò parọ́ mọ́ mi."

Ó ní láti aago mẹ́ta òun kò sí nínú yàrá náà mọ́, òun wà níta tí òun ń bá wọn fa ọkọ̀ gòkè nínú òjò. Òjò kò jẹ́ kí òun dá àwọn tó ń wọlé kọ́ àmì mọ̀, àfi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí òun rí tó ń jáde níbẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Alákàn wá béèrè ẹni tó máa ń kọ́ àmì kó kọjú sí ògiri. Onípátákó rò ó títí. Ó ní kò sí. Àwọn àgbà àtijọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àmì tó ti ojú omi dé, ẹ jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí òun gba iṣẹ́ ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, òun fòpin sí i, kí òun lè máa rí nọ́ńbà.

Bí a ṣe ń jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje kí omi má baà wọlé, ọ̀dà náà kò sì tètè gbẹ nínú òjò. Ojú ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó kọjá ló ti gan sínú rẹ̀. Láàárín ojú ẹsẹ̀ wọ̀nyí ni ihò róbótó kéékèèké wà, bí ìdí ife, wọ́n wọlé, wọ́n sì jáde. Alákàn bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gbé tábìlì kọjá.

"Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kan?" ló fi dá mi lóhùn, ó sì ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ.

* * *

Inú àtìmọ́lé la bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọkùnrin náà ga, ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Láti ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti mú un, wọn yóò sì gbé e lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá àgọ́ ti dá ẹjọ́ náà tán lọ́kàn ara rẹ̀. Ta ló máa jèrè bí Gbàgbé kò bá dé? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ta ni wọ́n rí níbi pátákó? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ta ló ti ń bá Gbàgbé yan odì láti ọdún tó kọjá? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni. Ọ̀gá àgọ́ ní ọkùnrin yìí jí àmì lápò Gbàgbé níbi ìwọ̀n, ó gbé e kọ́, ó sì yí ojú rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà rí nọ́ńbà.

Ká má purọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Ó wọ̀ mí létí. Àfi Alákàn tó ní ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan má hàn, ṣe ló máa ń jẹ́ kó jọ àwọn yòókù. Nínú mẹ́rìnlélógún, ẹyọ kan tó yàtọ̀ ni ojú máa kọ́kọ́ bà lé.

A béèrè lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Gbàgbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ìdákọ̀ró ni. Ó yá Gbàgbé ní ìdákọ̀ró, Gbàgbé sì gbàgbé rẹ̀ sínú omi. Kì í ṣe àwàdà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó gbàgbé òrùka sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀, kí ló kù tí kò lè gbàgbé? Gbogbo ọdún ló máa ń gbé àmì rẹ̀ lọ sílé nínú àpò, tí Onípátákó á rán èèyàn lọ gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin tuntun lọ́dún yìí pé ẹja ẹni tí àmì rẹ̀ kò bá sí lórí ìṣó ní aago márùn-ún kò ní í wọ ìdíje.

"Báwo lo ṣe rí i kẹ́yìn?" Alákàn bi í.

"Ó ń padà lọ, lẹ́yìn tó wọn ẹja. Ẹ̀wù òjò dúdú ló wọ̀. Ó rí mi. Ó nawọ́ sókè sí mi, Ọ̀gá. Láti ọdún kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "N kò na tèmi."

Ó fi ọwọ́ gígùn méjèèjì bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo yí ojú mi sí ìwé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí láti ní ẹni tí a kò tíì bá parí ìjà.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá àgọ́ fi fọ́tò hàn wá. Wọ́n ya Gbàgbé níbi ìwọ̀n, ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀, ẹ̀wù òjò rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Èèyàn márùn-ún ló sọ pé ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ló wọ̀. "Ẹ rí i pé òpùrọ́ ni," ni ọ̀gá àgọ́ wí.

"Ẹni tó fẹ́ purọ́ nítorí ẹ̀mí rẹ̀," ni Alákàn fèsì, "kò ní í fi irọ́ ṣòfò lórí àwọ̀ ẹ̀wù."

* * *

Ilé Gbàgbé kò jìnnà sí èbúté, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan péré ni. Yàrá méjì àti ilé ìdáná ni. Ìyàwó rẹ̀, tó ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja, jókòó sórí ilẹ̀, àwọ̀n wà lórí itan rẹ̀, abẹ́rẹ́ onígi wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó dá wa lóhùn, kò sì dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó ní bí òun bá dá ọwọ́ òun dúró, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú iye wákàtí tí iná mẹ́fà yẹn máa gbà.

Ó béèrè ìgbà tí wọn yóò dá ẹjọ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé yìí mọ́ ju kí òun mọ ọwọ́ tó gbé àmì yẹn kọ́.

Alákàn béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wù.

Obìnrin náà ní òun ni. Nígbà tí ọkọ òun wọlé wọn ẹja, ẹ̀wù rẹ̀ ti mu omi dé ìdí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Òun ti mú ẹ̀wù dúdú lọ́wọ́ láti ilé. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kíákíá, nítorí ó ń kánjú àtipadà, òun sì gbé èyí tó tutù wálé, òun fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, òun padà sí ìsọ̀ àwọ̀n.

"Bàbá ń kọ́?"

"Bàbá wà lórí ibùsùn. Wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án. N kò jí wọn."

Bàbá tó ń wí ni baba ọkọ rẹ̀, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ti fi ogójì ọdún pẹja kí ó tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Alákàn béèrè ìgbà tí obìnrin náà tún wálé. Ó ní aago mẹ́rin ààbọ̀, òun wá mú bàtà òjò. Ọkàn òun kò balẹ̀ rárá nígbà náà, torí ìjì ti le. Bí òun ṣe wọlé ni Bàbá ké sí òun láti yàrá pé, "Ìyàwó mi, ọkọ rẹ ti dé o." Òun kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun dúpẹ́. Òun gbé omi kaná kí ó lè rí fi wẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ tí òun ti ń dúró dè é, òun wá rò pé ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bú ara wọn lórí ẹja, oorun sì gbé òun lọ. Ìdájí ni òun tó mọ̀ pé kò wálé.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ mi ń sáré. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Alákàn ló gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

"Agogo ń kọ́? Ìgbà wo ló lù?"

"Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hó nígbà tó lù."

"Kí agogo tó lù ni Bàbá ti sọ pé ó ti dé?"

Abẹ́rẹ́ dúró. Obìnrin náà wo Alákàn, ó wá ní Bàbá ti dàgbà, ọ̀rọ̀ máa ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, ká má kà á sí. Ó ní òun á bu omi wá fún wa mu. Alákàn dìde, ó gba ilé ìdáná kọjá, mo sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti gbẹ. Àpò òsì rẹ̀ ní bọ́tìnnì, ó wà ní títì. Bọ́tìnnì àpò ọ̀tún ti ṣí sílẹ̀.

* * *

Bàbá jókòó sórí àga, ó kọjú sí fèrèsé tí a ti ń rí òkun. Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alákàn kúnlẹ̀ kí i tòun ti orúnkún tí kò dára yẹn, mo dọ̀bálẹ̀. Ó súre fún wa. Alákàn wá na ọwọ́, ó mú ọ̀pá náà, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè kí èmi náà lè rí i. Ìdí rẹ̀ róbótó, ó sì dúdú, ọ̀dà ti gan mọ́ ọn.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ẹ̀yin lẹ rìn lọ síbi pátákó."

Arúgbó náà kò wò wá. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń dúró dè yín."

"Ẹ kò wí nǹkan kan."

"Ta ló bi mí? Gbogbo wọn ń wọlé, wọ́n ń kí mi kú ọ̀fọ̀, wọ́n ń kọjá lọ bi ìyàwó mi léèrè ọ̀rọ̀. Arúgbó ni mí. Kò sẹ́ni tó máa ń bi arúgbó ní ohun tó ṣe."

Ó wá sọ ọ́ fún wa, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú òkun. Ó jí lójú oorun ọ̀sán, ó lọ mu omi, ó sì rí ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, ọmọ mi ti dé. Ó fọwọ́ kan àpò, àmì wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ọmọ yìí tún ti gbàgbé. Ó rántí òfin tuntun, ó rò ó pé ẹja tí ọmọ náà fi ẹ̀mí wewu pa máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìgbàgbé. Ó wọ bàtà, ó mú ọ̀pá, ó sì gba inú òjò lọ. Àwọn èèyàn ń fa ọkọ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Ó gbé àmì náà kọ́ bí ó ṣe gbé tirẹ̀ kọ́ fún ogójì ọdún.

"Mo dojú rẹ̀ kọ ògiri kó sinmi," ó ní. "Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń bọ̀. Òjò ń pa mí, inú mi sì ń dùn. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo gbọ́. N kò rí ìwé mi mọ́ dáadáa, omi ti bo ojú mi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ apànìyàn sílẹ̀ rí, mo ti kọ ti gbájú-ẹ̀, mi ò kọ irú èyí rí.

Alákàn béèrè ìdí tó fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ tó dàgbà lójú rẹ̀. Bàbá ní òun mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò dára. Ó ní òun ti pinnu pé kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù lọ́jọ́ Ajé, òun á rìn lọ sí àgọ́. Òun ń ka ọjọ́. Òun kàn ń wá bí òun á ṣe sọ ọ́ tí wọn kò ní í béèrè ẹ̀wù.

"Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀wù, wọ́n á béèrè ẹni tó gbé e wálé," ó ní. Ó wá kọjú sí wa wàyí. "Ọmọdébìnrin yẹn fẹ́ kí òtútù má mú ọkọ òun ni. Bó bá mọ̀, kò ní í dìde mọ́. Ọmọ mi, gbà mí. Kọ ọ́ pé mo rí àmì he nílẹ̀ ní èbúté. Èmi nìkan ni kí o kọ. Mo ti gbó, kò sí ohun tí wọ́n lè fi mí ṣe."

Kálàmù mi dúró. Mo wo ọ̀gá mi. Ká ní èmi ni, màá kọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, màá kọ ọ́.

"Bàbá, mi ò lè ṣe é," ni Alákàn wí. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ pé ẹ̀wù dúdú ló rí, wọ́n sì pè é ní òpùrọ́. Bí mo bá yọ ẹ̀wù kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, òpùrọ́ náà ló máa jẹ́ títí ayé. Wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ń bo ọ̀rẹ́ ọmọ yín láṣìírí. Ẹ̀wù yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn fún un."

Bàbá ṣí ẹnu láti bẹ̀bẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀ wá kọjá wa sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pa ẹnu dé.

Ìyàwó Gbàgbé dúró níbẹ̀, ó gbé ife omi méjì lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tó dé. Ó rọra gbé àwọn ife náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìkínní, ìkejì, bí ẹni tí ó ń bẹ̀rù kí omi má dànù.

"Bàbá, èmi ni mo fi kọ́ síbẹ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"N kò yẹ àpò rẹ̀ wò. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ mọ̀ pé mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo kánjú."

Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ arúgbó náà, ó gbé orí lé e lórúnkún. Igbe tó ti inú rẹ̀ jáde, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, òun náà ń sunkún. Ó ń sọ fún un pé òkun ni, òkun ni, kì í ṣe ẹ̀wù, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó ti ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àwa la wá gbé e wọlé.

A jáde síta fún wọn. Alákàn fara ti ògiri, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wá ọ̀daràn," ó ní. "Òní ni mo kọ́kọ́ gbàdúrà kí n rí ọ̀kan."

* * *

Wọ́n tú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Kò lọ sílé. A bá a níwájú yàrá pátákó, ó dúró nínú òjò wínníwínní, àwọn apẹja mìíràn sì ti pé síbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kárí etíkun. Bàbá àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, obìnrin náà di apá Bàbá mú, wọ́n ń rọra rìn. Bàbá dé iwájú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tètè gbá a mú, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi èpè lé mi lórí." Ìyàwó Gbàgbé kò lè wò ó lójú. Ó kàn fi ọwọ́ kan apá rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì mi orí.

Bàbá wọlé lọ bá pátákó. Onípátákó fẹ́ bá a nawọ́ sí ìṣó náà, Bàbá ní rárá, òun lòun gbé e kọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ó tó yọ àmì kẹtàdínlógún.

"Kò yẹ kó wà níbí," ó sọ fún wa. "Ọmọ mi kò tíì dé."

Ó fi àmì náà lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. Gbogbo wa dúró níbẹ̀ títí aago márùn-ún fi lù. Onípátákó lọ sídìí agogo bó ṣe máa ń lọ lójoojúmọ́, ó di okùn rẹ̀ mú, ó wo pátákó. Ìṣó kan ṣófo. Ó fi okùn sílẹ̀.

Òfin ni òfin. Àwọn mẹ́ta tó ń wa ọkọ̀ adóòlà-ẹ̀mí wo ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá, wọ́n mọ ohun tí òkun máa ń ṣe. Àgbà inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà, àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e, a sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti bọ́ sínú ọkọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó pè é. Alákàn ní ọlọ́pàá kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá rí i, ó sì wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí.

Ìgbì ṣì ga. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì tijú àtisọ ọ́. Bí mo ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ni ìyàwó Gbàgbé sáré bá mi. Ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè náà wà lápá rẹ̀, ó ti ká a dáadáa, ó sì ti ti bọ́tìnnì àpò méjèèjì.

"Ó ti gbẹ wàyí," ó ní. "Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi fi wọ̀ ọ́. Òtútù á ti mú un."

Mo gba ẹ̀wù náà, mo fi sí abẹ́ tèmi kí òjò má baà pa á, mo sì wọ inú ọkọ̀.